Ọsàn Abẹ́ Ewé

Ọ̀jọ̀gbọ́n ilé wa,

Mo ṣí yàrá ọsàn láàárọ̀ yìí, òórùn ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà tí o ká ti jẹrà. Mẹ́rin tèmi, tí mo gun àkàbà ká lókè níbi tí oòrùn ti ń pa á, ṣì le koko. Igi kan náà, ọjọ́ kan náà, yàrá kan náà!

O wá lọ sọ fún Bàbá pé ooru yàrá ló bà á jẹ́, torí pé èmi ni mò ń tọ́jú yàrá. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́. Abẹ́ igi lo dúró sí, tí ò ń ká èyí tí ewé bò, kí oòrùn má baà pa ọ́. Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ náà pé ọsàn tí kò rí oòrùn, èèpo rẹ̀ kì í lágbára, kì í dùn, kì í sì í pẹ́ nílẹ̀. O ní ọsàn ni gbogbo ẹ̀. Alápámáṣiṣẹ́!

Bàbá ti lọ pe bíríkìlà kó wá wó ògiri yàrá náà, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Kí wọ́n tó dé, kó ẹrẹ̀ ọsàn rẹ dànù, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́ fún wọn. Má fọwọ́ kan tèmi.

Àkàbà wà lẹ́yìn ilé. Kì í gé èèyàn jẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tí oòrùn ò pa.