Irin Tí Sítọ̀ Ń Pè Ní Móòlù

Yàrá Kẹ́mísírì,
Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdánwò,
Ilé-Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

ÀWỌN ỌMỌ KÍLÁÀSÌ MI KÒ JÍ ÌWÉ WÒ

1. Èmi ni olùkọ́ kẹ́mísírì kíláàsì àṣekágbá. Ẹ kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé gbogbo ọmọ kíláàsì mi jí ìwé wò nínú ìdánwò àfọwọ́ṣe, nítorí pé ìdáhùn wọn ṣìnà, ó sì ṣìnà síbì kan náà. Ẹ ní wọn kò ní jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ẹ tún ní ká lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì títì, tí gbogbo ọmọ wọn gba ìdáhùn tí ẹ ń retí gẹ́lẹ́. Inú bí mi. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo mu omi, mo tún un kà, inú tún bí mi.

2. Iṣẹ́ náà kò le. Wọ́n gbé omi kọ́sítíìkì sódà fún àwọn ọmọ, kí wọ́n máa kán ásíìdì sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí, kí wọ́n sì fi ìṣirò sọ iye móòlù tó wà nínú lítà kan. Ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ yín ni móòlù kan. Àwọn ọmọ mi gba 1.46.

3. Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó sunkún tán, ó mú bírò, ó sọ móòlù rẹ̀ di gíráàmù. Ogójì gíráàmù ni móòlù kan kọ́sítíìkì sódà, nítorí náà ó sọ 1.46 di ìlọ́po ogójì, ó sì bọ́ sí nǹkan bí 58.5. Ó wá bi mí pé kí ló máa ń wọn bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀. Sódíọ̀mù mẹ́tàlélógún, kiloríìnì márùndínlógójì àti ààbọ̀: iyọ̀ ni, iyọ̀ tí a ń fi se ọbẹ̀.

4. Mo gba ọ̀dọ̀ olùtọ́jú sítọ̀ yín lọ, ẹni tó wọn kẹ́míkà ìdánwò náà. Ibẹ̀ kò jìnnà, ọkọ mi ni. Tayọ̀tayọ̀ ló fi fa bóòtù irin kan, irú èyí tí wọ́n fi ń de ara ọkọ̀, yọ láti inú áńkáṣífù funfun, ó ní móòlù nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ẹ dá àwọn olùtọ́jú sítọ̀ lẹ́kọ̀ọ́, tí ẹ ní kí wọ́n yé fi gíráàmù fúnni ní nǹkan mọ́, móòlù ni kí wọ́n máa lò, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ yín gbé móòlù iyọ̀ kan lé òṣùwọ̀n, ó ní móòlù kan rèé. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́, ẹ lọ jẹun. Ọkọ mi kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó délé, ó fi fáìlì tí a fi ń pọ́n àdá ha bóòtù náà títí ó fi bá iyọ̀ yín dọ́gba. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí ẹ bá ní kí ó wọn ní móòlù kan, irin yẹn ló ń gbé sí apá kejì òṣùwọ̀n.

5. Mo ṣàlàyé fún un pé bí dọ́sìnì ni móòlù rí, pé iye kan náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ ló yàtọ̀. Ó ní ta ló fún mi ní ìwé ẹ̀rí móòlù? Tirẹ̀, tí ẹ fọwọ́ sí, ló wà lára ògiri pálọ̀ wa, lókè fọ́tò ìgbéyàwó. Mo gbé dọ́sìnì ẹyin lé òṣùwọ̀n, mo gbé e kúrò, mo gbé dọ́sìnì àgbọn lé e. Òṣùwọ̀n náà ké. Ọkọ mi wò ó títí, ó wá béèrè pé àwọn ọmọ yẹn ńkọ́. Kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà.

6. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohun tó wà nínú omi yẹn ni àwọn ọmọ mi rí. Ìdáhùn wọn bára mu nítorí pé òótọ́ ni.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ṣe ìdánwò lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo sì bẹ̀ yín nítorí ọkọ mi, ẹ má lé e. Ẹ tún un kọ́, kí ẹ lo ju iyọ̀ nìkan lọ. Mo ti wọn irin rẹ̀, 58.5 ni, kò lé, kò dín. Ẹ kò ní rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká tó bẹ́ẹ̀. Irin náà wà nínú àpò ìwé yìí.

8. Ó ku kékeré kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì títì, inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni sítọ̀ ti bu omi kọ́sítíìkì sódà tiwa àti tiwọn. N kò sọ nǹkan kan o. Ẹ kàn bá mi bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí móòlù kan gẹ́lẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí n kò tíì lè sùn dáadáa,

Ìyá Ìwọ̀n (bí àwọn ọmọ ṣe ń pè mí),
Olùkọ́ Kẹ́mísírì, Kíláàsì Àṣekágbá.