Má Ta Mọ́tò Tó Ń Fi Àgbélébùú Hàn

Adémidé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà níbẹ̀ yẹn, ìwọ àti Kúnbi aya wa? Ẹ kú ìnáwó Èkó, ẹ kú ariwo, ẹ kú èéfín àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó ń kọjá lọ sí Ìsọlọ̀. Olúwa tí kì í sùn ni yóò máa ṣọ́ yín. Ní ti èmi, ara mi le níbí ní Ayétòrò, orúnkún mi nìkan ló ń ṣe àgídí bí òjò bá ti ṣú. Ewúrẹ́ wa ti bímọ, akọ kan, abo kan, ṣùgbọ́n ìyá wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jẹ òdòdó orí pẹpẹ, àlùfáà ní kí n wá tọrọ àforíjì, mo sì bá a tọrọ ẹ̀.

Ohun tó mú mi gbé bírò ni pé Kúnbi sọ fún mi pé o fẹ́ ta mọ́tò. Ó ní ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Ailegun lọ́jọ́ Sátidé láti wá gbé e, ó sì fẹ́ rà á ní owó pọ́ọ́kú, nítorí iná pupa kan tí kò yé tàn níwájú ibi tí o máa ń jókòó sí. Ǹ bá bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, àmọ́ ìgbà tí mo bá ti pè ọ́ náà lo máa ń wà ní mítìn. Ni mo bá kúkú fi ìwé yìí rán Àbáyọ̀mí tó ń kó gàrí wá sí Ṣógúnlé, ó kéré tán, ìwé á lè dúró dè ọ́ títí mítìn á fi tán.

Adémidé, mo bẹ̀ ọ́, má tà á. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni bàbá rẹ gùn títí ó fi kú, kẹ̀kẹ́ ọ̀hún kò sì ní búrèkì. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fi mọ́tò yẹn gbé mi lọ sí Ìsọlọ̀, tí o sọ̀kalẹ̀ wá ṣílẹ̀kùn fún mi bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn fún ìyàwó gómìnà, mo fi ìborùn bojú kí o má baà rí i pé ẹkún ni mò ń sun. Ṣé àlejò la ó wá gbé nǹkan bẹ́ẹ̀ fún?

Kúnbi ní o ra bátìrì tuntun, iná tún tàn. Ó ní Sirajudeen, ríwáyà tó máa ń tún wáyà mọ́tò ṣe ládùúgbò yín, pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára, iná lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá kí yín lẹ́yìn Àjíǹde, ó tún padà dé. Sirajudeen ní òróró ló ń ta sí bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ náà, ló ṣe ń yọ̀, tó ń han, tí bátìrì kò fi rí nǹkan gbà. Ó wá ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń jò títí, kò rí i. Ó nù ún, ó pààrọ̀ bẹ́líìtì, òróró tún dé, ó wá ní ọ̀rọ̀ náà ti sú òun. Ọmọ dáadáa ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, àmọ́ kò bi mí. Èmi ni mo mọ ibi tí òróró ti ń wá.

Ìgbàkígbà tí mo bá wá, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí ẹ kò tíì jí, mo máa ń mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, màá fa irin tó wà nísàlẹ̀ sítíárìn bí mo ṣe rí Sirajudeen tó fà á, bọ́nẹ́ẹ̀tì á sì ṣí. Màá ka Sáàmù, màá da òróró àdúrà sí i. N kì í yọ ara mi lẹ́nu lórí àwọn irin ńlá yẹn, wọ́n kàn jókòó lójú kan ni. Rọ́bà gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa ń ṣe mí láàánú, nítorí òun nìkan ló ń sáré ṣáá, òun ni mo sì máa ń fi òróró kùn títí yóò fi máa kán.

Ṣé o rántí àárọ̀ tí o fẹ́ gbé mi lọ wọkọ̀ ní Òṣòdì? Bí o ṣe ṣáná báyìí, rọ́bà náà ké tòò, èmi náà ṣe halelúyà nínú ọkàn mi. Iná pupa wá yọ, ìwọ ń pòṣé. Mo na ọrùn wò ó, àpótí kékeré kan ni, ilà kan wà nínú rẹ̀ lápá òsì, àgbélébùú sì wà lápá ọ̀tún kedere, kò fara sin rárá. Orí mi wú, Adémidé. Mo mọ̀ pé àdúrà ti gbà. Mo rò pé ìwọ náà rí i, àfi ìgbà tí Kúnbi sọ pé o ti na gbogbo owó rẹ tán láti fi pa á.

Nítorí náà, sọ fún ará Ailegun kó máa lọ. Mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ kí iná náà máa lọ, kó máa bọ̀. Ìgò mi ló kéré jù, bí Sirajudeen bá sì ti nù ún báyìí, àgbélébùú náà á wọlé. Fi owó kẹ́ẹ̀gì òróró kan rán Àbáyọ̀mí sí mi, pẹ̀lú owó ọkọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún òdòdó ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Sirajudeen má fi àkísà kan ibẹ̀ mọ́ o, kí ó kàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ dè mí.

Olúwa á da òróró ayọ̀ sí ọ lórí, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọmọ á sunkún nílé rẹ kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.