Oko Keje Tí Gìgísẹ̀ Mi Ò Dé

Ilé wa,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n, Olùkà mi,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo nírètí pé ìwé yìí á bá ọ nínú àlàáfíà, pé ara rẹ le, pé àwọn aláìsàn inú wọ́ọ̀dù rẹ náà ń rí ìtura, àti pé o ń rí oorun sùn láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Ní tiwa, a wà, a ń jẹ, a ń mu. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí o yéé jẹun lórí ìdúró. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí. Mo tètè mẹ́nu bà á nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

O ti gbọ́ bí ìgbà ooru ṣe parí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni oòrùn fi ta láìsí ẹ̀kán òjò kan, nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọmọ pọ̀n. Ewé ká jọ, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbàdo ò sì kún dé orí. Ìgbà tó wá yẹ kí ojú ọ̀run mọ́ kí ìwọ̀nba tó kù lè gbẹ, òjò dé, ó sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rọ̀. Afẹ́fẹ́ tẹ̀ lé e, ó wó pòròpórò lulẹ̀ ní oko méjì. Òjò tí a ń bẹ̀ pé kó wá, òun náà la tún wá ń bẹ̀ pé kó máa lọ.

Ìwọ mọ iṣẹ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń rin oko méje. Ní oko kọ̀ọ̀kan, màá ka ìdí àgbàdo mẹ́wàá, màá wo iye èyí tí háríhá rẹ̀ ti gbẹ, lẹ́yìn náà màá fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀. Bí ojú ibi tí mo tẹ̀ bá pọn omi, ilẹ̀ ṣì kún fún omi. Bí ó bá dúró digbí láìpọn omi, ilẹ̀ tó wọ̀ fún ẹ̀rọ. Mo máa ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù fún ọ́fíìsì àgbẹ̀, wọ́n sì máa ń lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí mo bá kọ ni ẹni tó ní ẹ̀rọ ìkórè ń tẹ̀ lé láti mọ oko tí yóò wọ̀. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìwọ lò ń bá mi ka àgbàdo, ibẹ̀ lo ti gba orúkọ Olùkà. Ọjọ́ kan wà tí o kà á di mọ́kànlá, tí o ní ọ̀kan nínú wọn ló bímọ.

Ní ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, oòrùn ti ràn fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn òjò náà. Orúnkún mi ti wú, mo sì fi pamọ́ fún ìyá rẹ. Mo rin oko mẹ́fà. Ó ku oko keje, ti Bàbá Kékeré rẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́bàá odò. Mo jókòó sórí òkúta tó wà lókè níbẹ̀, mo ní kí n sinmi díẹ̀. Mo wo oko náà látòkè, háríhá pọ́n dáadáa. Oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lókè ti tó wọ̀. Mo rò ó pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ ilẹ̀ yẹn, kí ló tún fẹ́ fi pamọ́ fún mi? Orí òkúta níbẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ pé, àgbàdo, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ilẹ̀, ó tó wọ̀. Mo dìde, mo rọra ń tiro lọ sílé.

Ní ọjọ́rú, ẹ̀rọ ìkórè dé. Ìyàwó Bàbá Kékeré ti bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó mú sùúrù ọjọ́ méjì sí i, pé bàtà òun há sínú ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí òun lọ já ẹ̀wà lẹ́bàá odò. Ẹnu obìnrin náà ni mo ti gbọ́ èsì tí ọkọ rẹ̀ fọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ ẹ́ wò. Ta ni mo tún fẹ́ gbọ́ tiẹ̀?” Ẹ̀rọ náà ò tíì gé ju ìlà àgbàdo méjì lọ tó fi rì dé ikùn. Awakọ̀ rẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Aláròyé, jókòó sórí táyà, kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Katakata méjì ló fi ọjọ́ méjì fà á jáde, ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹrọ̀fọ̀ sì ju ohun tí ẹnikẹ́ni kórè lọ. Bí wọ́n ṣe fà á jáde báyìí ni òjò tún bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹrin kó tó dá. Èyí tó ṣẹ́ kù lórí ìdúró bu. Òmíràn hù lórí pòròpórò, ọ̀jẹ̀lẹ̀ ewé ń yọ jáde láti inú háríhá. Oko tó ń bọ́ ilé yẹn láti ọdún dé ọdún, Bàbá Kékeré ò rí ìdá kan nínú mẹ́rin kó níbẹ̀. Ó ti ń lọ ru pákó níbi tí wọ́n ti ń la igi báyìí, ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Gbogbo ènìyàn ló di ẹ̀bi ru òjò. Wọ́n fún mi ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọ́fíìsì nítorí orúnkún, wọ́n tún bá mi kẹ́dùn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko àbúrò mi. Ìwọ náà pè, o ní, “Bàbá, òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré kí wọ́n mọ́kàn le.” O tún ń sọ fún mi pé o ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tuntun ní ọ̀rọ̀ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà: ohun tí ọwọ́ rẹ ò bá kàn, má kọ ọ́. Mo ní oúnjẹ ń dúró dè mí, mo pa fóònù. Kò sí oúnjẹ kankan lórí tábìlì, ọmọ mi. Ojú ló tì mí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ bá a. Ó ń fọ ẹrọ̀fọ̀ kúrò lára bàtà róbà rẹ̀ níwájú ilé. Mi ò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, láti orí òkúta dé orí fọ́ọ̀mù. Kò gbé ojú sókè, ó ṣáà ń fọ bàtà. Ó ní, “Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n.” Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ rì, òun lọ sídìí òpó àtijọ́ tó wà nínú oko òun, níbi tí mo ti máa ń tẹ ilẹ̀. Ó ní, “Mo rí ojú ẹsẹ̀ ìyàwó mi, mo rí ti ajá. Mi ò rí tiyín. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ náà.”

Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì bi í. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, “Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni mò ń gbé. Kí ló dé tí ẹ ò pè mí kí n wá bá yín tẹ̀ ẹ́?” Omi bọ́ lójú mi. Mo yí padà, mo tiro lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, mo kọ ìwé kan, mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ọ́ pé mi ò dé oko keje lọ́jọ́ yẹn, pé ohun tí mo kọ kì í ṣe òótọ́, pé kí wọ́n má di ẹ̀bi náà ru òjò mọ́. Mo fọwọ́ sí i. Aláròyé ló kà á sókè fún àwọn tí ò mọ̀wé, kò sì fi nǹkan kan kún un. Àwọn kan ti yéé kí mi. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní kí n dá àwọn fọ́ọ̀mù padà bí oṣù bá parí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Máa kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì rẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé ẹni tó sọ ọ́ kùnà rẹ̀, pé bí ara bá kọ̀, kí wọ́n pe ẹlòmíràn. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n ké sí àbúrò mi, orúnkún kọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Ọwọ́ rẹ ò ní kọ ohun tí yóò pa ẹlòmíràn lára. Wàá dàgbà, wàá sì ní ẹni tí o lè nawọ́ pè.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ó ń fẹ́ kí o gbọ́ ọ láti ẹnu òun.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo ti lẹ ìwé yìí pa, mo tún tú u ní ọ̀sán òní, ọjọ́ Ajé tí ìsinmi mi parí. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni Bàbá Kékeré kan ilẹ̀kùn, bàtà róbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ.” A rọra rin oko mẹ́fà. Oko tirẹ̀ ò ní àgbàdo tí a lè kà mọ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ṣì ń béèrè bí ilẹ̀ ṣe rí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, ó tẹ gìgísẹ̀ tirẹ̀, ó kígbe sókè pé ó ń pọn omi. Bírò wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè kọ ọ́. Mo fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bí ọmọdé. Kò ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó dúró dè mí. Mo tẹ gìgísẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, omi kún méjèèjì. Ìgbà náà ni mo kọ ọ́.