Ìyá Mi Ló Bá Mi Tẹ "Mo Gbà"

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ìyá mi kì í fi ètò yín orí rédíò ṣeré.

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mo ń ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, mo ra kọ̀ǹpútà tuntun. Láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti fi ètò tó ń darí rẹ̀ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ní èyí tí mo ti ń lò láti ilé ẹ̀kọ́. Mo ní kí ọlọ́jà bá mi yọ tiwọn kúrò. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Ìwé inú páálí ní ẹni tí kò bá fara mọ́ àdéhùn wọn lè dá kọ̀ǹpútà padà, tí kò bá ṣáà ti tẹ "Mo gbà" lójú kọ̀ǹpútà náà.

N kò tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, mo ń wá kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì fi ètò kankan sí nínú, n kò rí. Nígbà tí mo délé lánàá, ìyá mi ti bá mi tẹ̀ ẹ́.

"Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo, o ò dá a lóhùn. Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Ọlọ́jà ò gba kọ̀ǹpútà náà mọ́. Ó ní àfi kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá fúnra rẹ̀. Ìyá mi ní àwọn kì í yẹ̀ lórí ohun tí àwọn bá ti gbà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, àdéhùn yìí, tèmi ni àbí ti ìyá mi? Ẹ tètè dá mi lóhùn o, torí kọ̀ǹpútà náà tún ti béèrè nǹkan mìíràn, ìyá mi sì ti ń wá awò ojú wọn.

Èmi ni,
Ayàwòrán-ilé tí kò tíì gbà.