Kí Wọ́n Tó Gbé Mi Wọ Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Èmi, Ṣèyílọ́lá Adébùkọ́lá Ọdúnjọ, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ilé mi wà ní Lakowe, tí mo sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kan ní Ajah báyìí, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé. Ikùn mi ni kò pé. Ìfun kékeré kan lápá ọ̀tún ti wú, dókítà sì ní ọ̀sán òní ni wọ́n máa la inú mi láti yọ ọ́ kó tó bẹ́. Bàbá mi ti fọwọ́ sí ìwé wọn. Mo yọjú kà á nígbà tí wọ́n gbé e sórí itan: ó ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, a ò ní bá ọsibítù fa ọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo tọrọ bébà.

Wọ́n ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kò lè ṣe ìwé ìhágún. Mo gbà. Ṣùgbọ́n abẹ ò béèrè ọjọ́ orí.

Mo yan bàbá mi, Ọ̀gbẹ́ni Babájídé Ọdúnjọ, láti mú ohun tó wà nínú ìwé yìí ṣẹ. Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó sunkún.

1. Fóònù mi tí gíláàsì rẹ̀ ti là, àti kẹ̀kẹ́ mi: fún àbúrò mi, Dàmọ́lá. Kò gbọdọ̀ gbọ́ àwọn ohùn èèyàn tí mo sín jẹ, tí mo sì gbà sínú fóònù náà, títí yóò fi gbọ́n díẹ̀ sí i. Ohùn ọ̀gá iléèwé wà níbẹ̀. Mo gba maikirofóònù lọ́jọ́ kan, mo fi ohùn yẹn ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sílé. Wọ́n lọ. Èmi náà lọ, àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n padà.

2. Ohùn Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa, tó máa ń ní kí àwọn tó ni ilé pàápàá dúró ná, kó sì bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń wá: mo dá a padà fún wọn pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, nítorí mo ti fi lé àlejò púpọ̀ lọ. Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ fi ohùn náà pa nọ́ọ̀sì lẹ́rìn-ín, kò jáde. Mo gbìyànjú ti dókítà, kò jáde. Tèmi nìkan ló kù lọ́fun mi, ó sì tín-ín-rín. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

3. Mọ́mì mi, Ẹnjiníà Fúnláyọ̀ Ọdúnjọ, ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan ní Lekki, èyí tí àwọn èèyàn fi ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí ẹ̀rọ wọn bá dákú, fóònù Mọ́mì á ké bí ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n wà. Mo kọ́ igbe yẹn títí ó fi dá ṣáká lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ké e, tọṣẹtọṣẹ ni Mọ́mì sáré jáde ní balùwẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba fóònù mi fún oṣù kan. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń sọ pé Mọ́mì kì í ráyè tiwa, wọn ò sí níbẹ̀. Wọn kì í sì í sí níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, tí Mọ́mì bá ki íyàpíìsì sétí, tí wọ́n ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣèpàdé, tí wọ́n sì ń dì mí nírun. Ìlà kan ò wọ́ lórí mi rí.

4. Iṣẹ́ Mọ́mì. Kì í ṣe dúkìá mi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sẹ̀ yìí ni ilé iṣẹ́ náà ní kí Mọ́mì wá jẹ́ olórí gbogbo ẹnjiníà wọn, láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Obìnrin kankan ò jókòó sórí àga yẹn rí. Àná, lẹ́yìn tí Mọ́mì àti Dádì ti jáde, inú bẹ̀rẹ̀ sí í rún mi. Màmá, ìyá Dádì, tí wọ́n wá láti Awoyaya láti máa tọ́jú wa, ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Wọ́n fún mi ní àgbo láàárọ̀, wọ́n tún fún mi lọ́sàn-án. Wọ́n ní ká má pe Mọ́mì, kó má baà di wàhálà. Mo yọ́ pe Mọ́mì. Mọ́mì ní kí n fọwọ́ tẹ ibi tó ń dùn mí, kí n sì yọ ọwọ́ lójijì. Mo kígbe. Wọ́n ní, "Ṣèyí, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nìyẹn. Má mu nǹkan kan mọ́. Mo ti wà lọ́nà." Wọ́n fi ìpàdé sílẹ̀, wọ́n wakọ̀ wá gbé mi.

Dókítà béèrè ohun tí mo mu, mo sọ ọ́. Màmá wolẹ̀. Mọ́mì gbọ́, wọn ò sì sọ ohun kan sí ìyá ọkọ wọn títí di ìsinsìnyí. Láàárọ̀ yìí ni Màmá wá bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo wa, pé ọkọ méjì ni Mọ́mì ní, kọ̀ǹpútà sì ni àgbà. Pé bí ìyá bá wà nílé, wọn ò ní lé ọmọ kúrò níléèwé, ọmọ ò sì ní dùbúlẹ̀ síbí. Dádì ń wo fèrèsé. Mọ́mì ń ká aṣọ mi. Wọ́n ká a tán, wọ́n ní, "Mo máa pe ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Kí wọ́n fún ẹlòmíràn." Ohùn yẹn ò gbọ̀n rárá. Mi ò lè sín in jẹ láéláé.

Ẹ̀rù abẹ ń bà mí, ṣùgbọ́n èyí ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ: kí n jí, kí Mọ́mì máa wò mí lójoojúmọ́ bí ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn rà, tàbí kí n má jí, kí àwọn èèyàn sì máa sọ títí láé pé iṣẹ́ wọn ló pa mí.

Nítorí náà, Mọ́mì kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n lọ jókòó sórí àga náà. Bí mo bá kú, kí ilé iṣẹ́ dúró dè wọ́n títí ẹkún á fi dá. Bí mo bá kú, ẹ sọ pé ikú ló pa mí. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àgbo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyíkéyìí nínú méjèèjì bú ẹnikẹ́ni.

5. Màmá, Ìyáàfin Dúródọlá Ọdúnjọ: mi ò fi ohunkóhun sílẹ̀ fún wọn, kódà ohùn tiwọn tí mo mọ̀ ọ́n sín jù. Kì í ṣe ìjà. Gbogbo alẹ́ àná ni wọ́n fi di ẹsẹ̀ mi mú, bí ẹni pé mo fẹ́ sá. Àǹtí Ìyábọ̀ nọ́ọ̀sì ló sọ fún mi pé ẹni tó bá jogún kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí ni mo sì ń fẹ́ kí Màmá ṣe.

6. Bí mo bá jí, Dàmọ́lá á dá fóònù àti kẹ̀kẹ́ mi padà, gbogbo ìwé yìí á sì parẹ́, àyàfi ẹsẹ kẹrin. Ìyẹn dúró, mo jí o, mi ò jí o.

Mo ń gbọ́ bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí wọ́n ń tì bọ̀. Mo fọwọ́ sí i ní Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Ṣèyílọ́lá A. Ọdúnjọ

Ẹlẹ́rìí kìíní: Ìyábọ̀ Sànúsí, nọ́ọ̀sì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Dúródọlá Ọdúnjọ, ìyá bàbá rẹ̀. Mo kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i. Mo ka ẹsẹ kẹrin sí ìyàwó mi létí. Kò tíì pe ẹnikẹ́ni. Mo ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ mi ló sì máa wà títí ọmọ yóò fi jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ.