Ọkọ̀ Yín Tó Ń Kú Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ìsinmi. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí èèyàn máa da oorun yín rú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yín ni mo bá wá. Ọkọ̀ ìjàpá aláwọ̀ ewé yín, èyí tí ẹ rà lẹ́yìn tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí ẹ máa ń nù kí ẹ tó nu bàtà tiyín. Díẹ̀ ló kù kó sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́ ní gbogbo Mushin. Ọ̀rọ̀ náà ti tán báyìí, ìyẹn ni mo ṣe ráyè jókòó kọ̀wé. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi, ẹ má wò ó pé ẹnu mi le.

Ní gbogbo ìgbà tí Màmá fi wà nínú ọ̀fọ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ọkọ̀ náà wà, a fi tapólì bò ó. Nígbà tí wọ́n jáde opó, tí wọ́n fẹ́ padà sí ìsọ̀ aṣọ wọn ní Tejúoṣó, mo ní kí n sítáàtì rẹ̀, bátìrì ti kú pátápátá. Mo wá lọ pe ríwáyà kan ní Pápá Àjàó kó wá bá mi wo iná ọkọ̀. Dókítà Iná Mọ́tò ni ó kọ sára pátákó rẹ̀. Ẹni tó bá a kọ pátákó yẹn ló mọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì ìjàpá máa ń wà, ó gbé ti àtijọ́ jáde, ó gbé òmíràn sí i, ó kó gbogbo nǹkan tó tú dà sínú àpò, ó lọ. Ọkọ̀ ṣí. Mo yìn ín. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún yin irú èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Màmá kò jókòó síwájú mọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ yín ni ibẹ̀ yẹn, àwọn kò lè máa jókòó ti ẹlòmíràn níbẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ tí àwọn bí. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí, ní igun ọ̀tún, níbi tí àwọn ọlọ́lá Èkó máa ń wà tí dírẹ́bà bá ń gbé wọn kiri. Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹ mọ̀ pé Màmá lára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fọ̀ kò sì mú kí wọ́n rù. Tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ láti igun yẹn ní ẹnu ọ̀nà ọjà, tí àwọn onísọ̀ ní, "Ìyá ọlọ́kọ̀, ẹ káàárọ̀ o," wọn a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo ń rí lójú wọn nígbà yẹn nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ojúẹlẹ́gba ló ti kọ́kọ́ ṣe é. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, a bọ́ sínú kòtò kan, mo tẹ họ́ọ̀nù, kò dún, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A sọ̀kalẹ̀, mo wò ó títí, mo tún sítáàtì rẹ̀, ó ṣí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tún ṣe é. Tí èmi nìkan bá ń gbé e lọ sí iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sùúrùlérè, kò jẹ́ ṣe é. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Níwájú Dókítà, ọkọ̀ di ọmọlúàbí, ó ń kùn bí oyin.

"Àǹtí, ẹ má wọ́rì ara yín," ni ó wí. "Kọ́ńtáàtì ni."

Ó yọ wáyà pupa, ó fi dúdú sí i. Mo dá a padà, ó yọ dúdú, ó fi pupa sí i. Ó pààrọ̀ fíúsì, ó tú dánámò palẹ̀, ó tún un tò. Gbogbo ìgbà ni kọ́ńtáàtì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gbọ́ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn kó tó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò sí bọ̀dá nílé ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, ká jọ sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin." Mo ní èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí àwọn nọ́ọ̀tì irin tó wà nínú àwo rọ́bà dúdú tó gbé lọ́wọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sílẹ̀. Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà ní ojú ọ̀nà rélùwéè, tí ẹ kò fi ìgbà kan béèrè pé kí ni obìnrin ń fi í ṣe, kí ni ẹ bá ti sọ fún un?

Mo gbé e dé gáréèjì ńlá kan ní Yábàá, níbi tí wọ́n ti ń wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń pe èèyàn ní màdáámù. Àwọn yẹn mọ ọ̀wọ̀, wọn ò mọ ọkọ̀. Ọ̀gá wọn wà á yí àdúgbò ká, òun nìkan, ó padà wá sọ fún mi pé kò sí ohun tó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́bàá Tejúoṣó.

Àsìkò yẹn ni àbúrò yín dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa fi "wọ́n" pe àgbà, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí, nínú lẹ́tà yìí, "ó" ni màá fi pè é. Nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn, kò ráyè. Nígbà tó gbọ́ pé ọkọ̀ yín ń dá iṣẹ́ sílẹ̀, ó ráyè. Ó jókòó sínú pálọ̀ wa, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọkọ̀ náà máa ń kú tí Màmá kò bá sí nínú rẹ̀. Mo ní rárá. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò ti lè pa á mọ́ra. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Dókítà, Dókítà tó ti ń wá ibi tí yóò fi ojú pamọ́ sí sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, mo ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́," ni Dókítà wí fún un. "Èyí kì í ṣe ti wáyà. Ẹ lọ bi bàbá tó ni mọ́tò."

A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbé adìẹ. Dókítà kò rí adìẹ gbé, ó ní òkú ló gbé e.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń dá ọkọ̀ dúró. Àbúrò yín ní ó ní ohun tí Màmá ṣe tí ẹ̀yin nìkan mọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi fẹ́ kí wọ́n gùn ún. Ó ní kí a kó kọ́kọ́rọ́ fún òun, kí òun gbé e lọ sílé, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ká ní ọkọ̀ nìkan ni, ǹ bá ti gbé e fún un kó máa tì í lọ. Orúkọ Màmá ni kò ṣeé fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà kí àwa tó débẹ̀. Ìyá tí ìsọ̀ wọn fara kan ti Màmá, tó máa ń bá wa wọkọ̀ bọ̀ wálé lójoojúmọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, òun fẹ́ máa rìn kó lè nà. Ẹsẹ̀ tó ń dunni, tí a fẹ́ fi rin Tejúoṣó dé Mushin!

Ti Màmá wá ńkọ́? Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ń wọ igun ọ̀tún yẹn, wọ́n ń di ojú, wọ́n ń fún ètè pọ̀ títí a ó fi dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá síwájú.

"Fi mí sílẹ̀ níbí," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò yín ní kí n gbé òun lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìjọra, kí Màmá náà máa bọ̀, kí ojú wọn lè rí àmì. Ó sáré bọ́ sí igun ọ̀tún. Ó ní òun ló yẹ níbẹ̀ báyìí. Màmá lọ jókòó sí òsì. Ẹ mọ bí àbúrò yín ṣe tín-ín-rín tó. Agbádá ló jókòó, òun kàn wà nínú rẹ̀ ni. Kò sí kòtò tí a kò bọ́ sí lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kò wúkọ́ rárá títí a fi kọjá abẹ́ bíríìjì.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ó ń wí. "Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ mí!"

Mo wo dígí, mo rí Màmá. Mo ní, "Bàbá Kékeré, Màmá náà ṣáà wà nínú ọkọ̀ o." Ó gbàgbé pé òun ló sọ pé ọkọ̀ kì í lọ tí wọ́n bá ti wà nínú rẹ̀. Ó fa agbádá sójú, ó nu òógùn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, mo ní kí Màmá padà sí igun wọn, kí àbúrò yín lọ sí òsì. Ó fẹ́ jiyàn, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. A kò tíì rìn jìnnà tí họ́ọ̀nù fi dákẹ́, tí ẹ́ńjìnnì sì kú. Àbúrò yín gba orí ìjókòó iwájú kọjá, ó ṣílẹ̀kùn, ó fò sílẹ̀, ilẹ̀kùn há agbádá rẹ̀, ó ń ké láàárín títì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́! Èmi àbúrò yín ni o!" Bàbá, mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí mo gbóòórùn èéfín.

Abẹ́ Màmá ni èéfín náà ti ń jáde. Mo fà wọ́n sílẹ̀, mo ṣí ìjókòó náà, mo fi ìborùn mi pa iná tó ń jó inú rẹ̀. Gbogbo ẹjọ́ náà wà níbẹ̀ kalẹ̀. Bátìrì tí Dókítà gbé sí i ga ju ti àtijọ́ lọ, orí rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Tí ẹni tó lára bá jókòó sí igun yẹn, tí ọkọ̀ sì bọ́ sí kòtò, irin ìjókòó á tẹ̀ wálẹ̀, á kan orí bátìrì, iná á gba ibẹ̀ jò dànù, irin á gbóná, ọkọ̀ á kú. Tí ẹni náà bá ti dìde, irin á padà sókè. Abájọ tí kò fi ṣe é fún èmi nìkan, tí kò ṣe é fún ọ̀gá aláṣọ funfun. Wọn kò fi èèyàn sẹ́yìn wà á rí. Òkú ọ̀run sì ni wọ́n ń pè lẹ́jọ́!

Mo wá rántí yín, ẹ ká ṣòkòtò, ẹ ń fọ ọkọ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ máa ń ṣí ìjókòó yẹn, ẹ óò nu bátìrì, ẹ óò dé ìdérí rọ́bà dúdú kan lé e, ẹ óò fi ọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan kó lè wọlé dáadáa. Rọ́bà dúdú. Mo mọ ibi tí mo ti rí i láìpẹ́ yìí.

Bí iléèwé ti pa lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Pápá Àjàó. Dókítà rí mi, ó ní, "Àǹtí, kọ́ńtáàtì náà ni, àbí?" Mo gbé àwo rẹ̀, mo da gbogbo nọ́ọ̀tì inú rẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú àwọn tó jókòó, mo ní ìdérí bátìrì bàbá mi nìyí. Ẹ mọ ohun tó sọ?

"Àǹtí, mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni."

Àbúrò yín ti padà sílé. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá. Ohun tó sọ ni pé nǹkan òyìnbó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹsẹ̀ ìyá onísọ̀ náà ti yá lójijì, ó ti ń béèrè ìgbà tí a ó máa lọ. Màmá ní kí n jẹ́ kó wọlé. Ọkàn tèmi kò dára tó tiwọn.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, a ń ṣa ẹ̀wà, Màmá sì sọ fún mi pé àwọn mọ̀ pé ibẹ̀ ń gbóná. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ, wọn kò wo ojú mi. Wọ́n ní oníbàárà kan ló wá láti Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ tí ẹ kú, àwọn ní kí àwọn sáré lọ ṣí ìsọ̀ fún un, nígbà tí wọ́n fi máa padà dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yín.

"Mo rò pé inú ń bí bàbá rẹ," ni wọ́n wí. "Mo ní kó jó mi, kó jó mi títí tí yóò fi tó o."

Bàbá, Màmá jókòó lórí iná láti Mushin dé Tejúoṣó, wọ́n sì fi bẹ̀ yín. Àwọn aláìnítìjú wọ̀nyẹn ló bá wọn mú un dájú pé ẹ̀yin ni. Mo da nọ́ọ̀tì Dókítà nù, àmọ́ kí ni mo fẹ́ dànù fún èyí? Ṣé ẹ wò títí lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó dé? Ṣé ẹ pè wọ́n? Ẹ̀yin tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀wù yín lórí okùn, tí ẹ ní ebi ló ń pa á, ṣé ẹ lè bínú tó báyẹn? Mo bá yín dáhùn. Mo sọ fún Màmá pé ẹ kò bínú. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já irọ́ náà.

Láàárọ̀ yìí, mo ṣílẹ̀kùn ọ̀tún, mo tẹ ìjókòó iwájú síwájú kí wọ́n lè wọ ẹ̀yìn, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ti dé ìdérí náà, mo ti gbá a bí ẹ ṣe máa ń gbá a. Màmá wo ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n dá ìjókòó iwájú padà sí ààyè rẹ̀, wọ́n jókòó sórí rẹ̀. Wọ́n yí gíláàsì wálẹ̀, wọ́n ní kí n máa wakọ̀.

Wọ́n ní kí n kí yín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kọ́ ní ọkọ̀ wíwà.