Mọ́tò Bàbá Mi Tí Mo Sọ Pé Ó Ti Kú

Mọ́tò bàbá mi ò bàjẹ́ o. Kò sóhun tó ṣe é. Èmi ni mo yọ nǹkan kan lára ẹ̀ tí kò fi gbéra mọ́, bàbá mi ò mọ̀, wọ́n sì ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀rẹ́... Admin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará Ìkọ̀lé pọ̀ lórí page yìí. Tẹ́ ẹ bá sì ti dá mi mọ̀, ẹ fi Ọlọ́run bò mí láṣìírí, ó kéré tán di Sátidé. Ojú ń tì mí, ọkàn mi sì gbọgbẹ́. Kì í ṣe èébú ni mo wá gbà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé èébú ló máa ṣáájú ìmọ̀ràn, ẹ kúkú kó o wá.

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà n'Íbàdàn, èmi tí mi ò rí ibì kankan lọ ni mo wà nílé pẹ̀lú bàbá wa látìgbà tí màmá wa ti kú. Tíṣà ni mí. Bàbá mi náà, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé gbogbo àgbà àdúgbò wa ni wọ́n ti nà lẹ́gba rí. Mọ́tò tí mò ń sọ yìí, ti Japan ni. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì, kí ẹnì kan má baà sọ pé wọ́n háyà mi wá polówó ọjà, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa irú ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, èyí tí àwọn mẹkáníìkì kì í fẹ́ràn torí kì í mú oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ rà á, màmá mi yarí, wọ́n ní ilé tí à ń gbé ò tíì ní òrùlé tó dáa, mọ́tò kí ni? Ahunṣọ ni màmá mi, òfì wọn wà lẹ́yìnkùlé. Ni bàbá mi bá lọ jókòó tì wọ́n nídìí òfì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún wọn, pé ìdílé tó dá kọ́ńpìnnì yẹn sílẹ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, pé bàbá ló ń ṣe òfì, ọmọ ẹ̀ ló wá ní mọ́tò lòun fẹ́ ṣe. Wọ́n ní ará ilé iṣẹ́ rẹ ni wọ́n, ìyàwó mi, ahunṣọ kì í ṣe nǹkan tó máa tètè já. Màmá mi rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n ra mọ́tò, màmá mi sì ń pè é ní orogún mi títí wọ́n fi kú.

Ẹ gbọ́, mọ́tò yẹn sìn wá. Ó gbé iṣu láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu títí ìdí ẹ̀ fi ń wọ́lẹ̀. Ó gbé àwọn aláboyún àdúgbò lọ sí ọsibítù n'Ídòó nínú òjò, ọ̀kan bímọ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ yẹn ti ń kàwé ní yunifásítì báyìí, tó bá sì wálé á wá kí bàbá mi, á tún kí mọ́tò. Ó gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sílé ọkọ. Ó gbé màmá mi lọ gba ìtọ́jú, ó gbé wọn padà wálé nígbà tí wọ́n ní kò sí ìtọ́jú mọ́. Bàbá mi ní ọ̀rẹ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣe tíṣà, Baba Jámánì là ń pè wọ́n torí mọ́tò Jámánì ni wọ́n ń wà. Gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa, wọ́n á máa jiyàn lórí mọ́tò bí ọmọdé. Baba Jámánì á ní tiwọn lágbára, bàbá mi á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lágbára, gbogbo mẹkáníìkì tó wà l'Ékìtì ló mọ agbára ẹ̀... Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí bàbá mi máa ń fi parí ọ̀rọ̀ nìyí: kò já mi kulẹ̀ rí.

Àṣé ojú ni ó máa já wọn kulẹ̀. Dókítà ojú n'Ídòó ti sọ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé àrùn kan ń jẹ ojú bàbá mi láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ ní àárín, pé èyí tó ti lọ ti lọ, oògùn kàn lè dá ìyókù dúró díẹ̀ ni. Bàbá mi ní ká fún àwọn ní ìgò ojú tuntun, ó tán. A ò sọ ìyókù fún wọn. Ṣé ẹ rí i, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wakọ̀ lọ. Ọjọ́ kan wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì l'Ọ́yẹ̀ẹ́, ọlọ́kadà kan ló pè mí láti Ìtàjí pé bàbá mi páàkì sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ń retí kí kùrukùru ká nílẹ̀. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń ta bí ata. Mo lọ bá wọn, wọ́n ní epo pupa ni àwọn dúró rà. Mi ò rí epo kankan. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù, Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ló ti ṣẹlẹ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú. Obìnrin kan ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bàbá mi ò rí i rárá, mo pariwo, mo na ọwọ́ sí sítíárì, obìnrin yẹn bẹ́ sínú gọ́tà, ẹ̀gẹ́ ẹ̀ fọ́n ká. Mo rò pé ó máa ṣépè fún wa. Obìnrin yẹn jáde nínú gọ́tà, ó wo ojú bàbá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ dákun, èmi ni mi ò rìn dáadáa. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwé rí. Ẹni tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn! Bàbá mi ní kò burú, kó máa fara balẹ̀, wọ́n wakọ̀ lọ.

Mo sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó wà ní Kánádà ní kí n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó rọrùn fún un láti sọ, òkun ló wà láàárín òun àti ojú bàbá ẹ̀. Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ wà níbí, ta ló máa na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá tó bí i? Ta ló máa la ẹnu sọ fún bàbá ẹ̀ pé Bàámi, ẹ ti fọ́jú? Mo ní kó pè wọ́n fúnra ẹ̀, ó pè, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ yìnyín Kánádà fún ìgbà pípẹ́, ó kí wọn pé ó dàárọ̀. Àbúrò bàbá mi ní tòun, ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń bá àgbà sọ, ká máa gbàdúrà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá sọ ọ́ láti Ìbàdàn, pé tí ẹnu wa ò bá gbà á láti sọ fún bàbá, ká jẹ́ kí mọ́tò sọ fún wọn. Ó dùn létí mi. Ẹ dárí jì mí, ó dùn létí mi.

Mo lọ bá rewáyà tó ń tún iná ẹ̀ ṣe, mo ṣàlàyé fún un. Ó fi han mí, fíùsì kan báyìí, kò tó èékánná, tí èèyàn bá ti yọ ọ́, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí bàbá mi ń sùn, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọṣọ tán, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́... ó ń yí, ó ń yí, kò gbéra. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, mò ń wò wọ́n. Wọ́n rọra gbá dáṣíbọ́ọ̀dù bí ìgbà téèyàn ń jí ọmọ, wọ́n tún yí i. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún wọlé. Rewáyà wá, ó fọwọ́ kan ibí, ó fọwọ́ kan ọ̀hún, ó mi orí, ó ní brain box, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀, ló ti kú, pé irú ẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́. Kò lè wo ojú mi bó ṣe ń lọ, èmi náà ò lè wo tiẹ̀.

Mo rò pé wọ́n máa bínú fún ọ̀sẹ̀ kan, ó máa tán. Wọn ò bínú. Wọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọn ò ní gun ọ̀kadà, wọ́n ní kí Baba Jámánì má wulẹ̀ wá gbé àwọn. Mo ti ń bẹ̀rù pé Baba Jámánì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n wo mọ́tò yẹn títí, wọ́n ní ẹ kú àmójúkúrò. Kò sí yẹ̀yẹ́ kankan lẹ́nu wọn. Àwọn méjèèjì jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láìjiyàn, nígbà tí Baba Jámánì ń lọ, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá ni, pé ẹni tí àwọn ń bá jiyàn ti kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo sunkún nínú bálùwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ Monday tó kọjá, mo bá bàbá mi nínú mọ́tò, ibi tí màmá mi máa ń jókòó sí ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní kí n wọlé wá. Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé òfì tí bàbá yẹn ṣe ní Japan, tí òwú kan bá já lára ẹ̀, ńṣe ló máa ń dá ara ẹ̀ dúró, kò ní hun aṣọ tó ti bàjẹ́ lọ. Wọ́n ní irú ẹ̀ ni mọ́tò yìí ṣe fún àwọn. Yorùbá ilé ìwé ni bàbá mi máa ń sọ sí wa, tí ẹ bá ti gbọ́ tí wọ́n sọ Èkìtì, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tó ń dùn wọ́n nìyẹn. Wọ́n ní, “Ùwọ ọmọ mi, gbogbo yín rí i pé ojú mi ti lọ. Ùwọ rí i, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ rí i. Obìnrin tí mo fẹ́ẹ́ pa ọ̀ún rí i, ó tún kúnlẹ̀ kí mi. Ẹnì kan éè sọ fún mi. Ọkọ̀ yìí nìkan ló sọ òótọ́ fún mi nínú ulé yìí.”

Ṣé kí n sọ ọ́ níbẹ̀ ni? Ṣé kí n ní Bàámi, mọ́tò ò sọ nǹkan kan, èmi ni mo tàn yín? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà pé kò purọ́ fún wọn, ṣé kí n tún gba ìyẹn náà lọ́wọ́ wọn?

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ra àlòkù irin wá ní Sátidé yìí. Kí ẹ tó sọ fún mi pé kí n dọ́gbọ́n rà á lẹ́yìn wọn, bàbá mi ní inú kọ́ńpáǹdì wa ni wọn á ti tú u, kí ẹnì kankan má baà lọ fi ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣe kabúkabú. Mo bẹ̀ wọ́n pé ká jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí adìyẹ máa yé ẹyin sínú ẹ̀, pé ẹni tó bá ti ṣe tiẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ní Kánádà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ìṣòro tán. Ìṣòro ta ló tán? Mọ́tò tó yè ni wọ́n máa fi àáké gé lójú mi, bàbá mi á jókòó máa gbọ́ ọ, torí wọn ò lè rí i dáadáa. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mọ́tò á yè, àmọ́ kò ní sí ẹnì kan mọ́ láyé tí bàbá mi gbẹ́kẹ̀ lé. Tí mo bá dákẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa jókòó jẹun pẹ̀lú wọn lẹ́yìn Sátidé.

Lónìí wọ́n ní kí n pọn omi, pé a máa fọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ fi ìdọ̀tí lọ. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ara ẹ̀ láti iwájú dé bùútù, wọ́n ń fi aṣọ nù ún díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí n máa júwe ibi tó ṣì dọ̀tí fún àwọn, pé èmi lojú àwọn báyìí, àwọn sì mọ̀ pé látòní lọ èmi ò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin bàbá yín, ẹ bá mi dá sí i kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́... kí ni kí n sọ fún wọn?